Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Òkè Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èrò tèmi ni pé òwe yìí kò mọ sórí ọmọ nìkan. Ó kan òkè, odò àti igbó pẹ̀lú. Òkè tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ kò sí ní ilẹ̀ wa. Ó wà ní Amẹ́ríkà, nínú ọgbà ìjọba tí ó ń jẹ́ Great Smoky Mountains, ní ààlà ìpínlẹ̀ Tennessee àti North Carolina.

Èmi àti ẹbí mi rin ìrìn-àjò gba ibẹ̀ nínú irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní RV. Bí ẹ bá pè é ní ilé kékeré tí ó ní táyà, ẹ kò ṣìnà: ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà. Àwọn ibùdó inú ọgbà náà kò ní iná mànàmáná tàbí ẹ̀rọ omi tí a lè so mọ́ ọkọ̀, nítorí náà ohun tí a bá gbé wá ni a óò lò. Béárì dúdú inú igbó náà tó 1,900. Ẹranko mìíràn ni elk, tí ó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ dáadáa. Àwọn ọdẹ ti pa á run níbẹ̀ láti ayébáyé. Ọdún 2001 ni wọ́n tó kó 25 padà wá. Òfin ibẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ sún mọ́ béárì tàbí elk tó 50 yáàdì. Ó yé gbogbo àlejò pé igbó náà ní onílé. Ìbéèrè mi ni pé: kí ló dé tí òfin ọ̀wọ̀ yìí kò fi kan orúkọ?

Òkè tí ó ga jù lọ nínú ọgbà náà ga tó 6,643 ẹsẹ̀ bàtà. Ọkọ̀ lè gbé ènìyàn dé ìtòsí ṣóńṣó rẹ̀, kí a sì fi ẹsẹ̀ rin ìdajì máìlì tí ó kù, lórí ọ̀nà tí ó ga débi pé èémí á máa gún onítọ̀hún. Kuwohi ni àwọn Cherokee ń pè é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi igi múlíbẹ́rì. Ní ọdún 1838, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ipá lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ Cherokee kúrò ní ilẹ̀ wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú. Àwọn kan sá pamọ́ sínú àwọn òkè wọ̀nyí. Ìran wọn ṣì ń gbé ní ẹ̀bá ọgbà náà títí di òní. Ní ọdún 1859, Arnold Guyot, onímọ̀ tí ó ń wọn gíga àwọn òkè, sọ Kuwohi di Clingmans Dome. Thomas Clingman ni ó fi orúkọ náà yẹ́ sí, olóṣèlú tí ó padà di ọ̀gágun fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jagun kí ìkóniṣẹrú má baà parẹ́.

Ní ọdún 2022, àwọn obìnrin Cherokee méjì, Lavita Hill àti Mary Crowe, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí a dá orúkọ òkè náà padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ó ń bójú tó orúkọ ilẹ̀ gbà.

Àwọn kan yóò wí pé orúkọ tí a ti lò fún ọdún 165 ti di ti òkè náà, pé yíyí i padà yóò da àwọn arìnrìn-àjò rú. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ẹni tí ó bá sọnù nínú igbó nílò orúkọ tí àwọn tí ń wá a mọ̀. Ṣùgbọ́n pátákó tuntun yanjú ìyẹn. Pípẹ́ kò sì sọ àṣìpè di orúkọ àbísọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú onímọ̀ èdè wò ó. Ku-wo-hi: sílébù mẹ́ta, fáwẹ́lì ni ó parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Ẹnu Yorùbá pè é wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wá gbìyànjú Clingmans. Kí a tó pè é tán, yóò ti di Kílíńgímáǹsì. Èdè olóhùn ni Cherokee pẹ̀lú. Ní ọdún 1821 ni Sequoyah, ọmọ Cherokee tí kò mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà, parí ọ̀nà ìkọ̀wé tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún sílébù kan. Ní ọdún 1828, ìwé ìròyìn wọn, Cherokee Phoenix, ti jáde. Ìwé Ìròhìn ti Abẹ́òkúta kò jáde títí di ọdún 1859, ọdún kan náà tí Guyot yí orúkọ Kuwohi padà. Ẹ kò rí i pé ẹgbẹ́ wa ni wọ́n? Síbẹ̀, àwọn tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa lónìí kò pọ̀ mọ́, àgbà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: bí ẹ bá ń kọ ìrìn-àjò yín ní Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹnubodè kan ṣoṣo tí ẹ óò gbà wọ ayé. Ẹ béèrè ohun tí àwọn onílé ń pe òkè náà, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí inú ń bí nígbà tí a bá rí Òṣogbo tí wọ́n kọ ní Oshogbo, tàbí Iléṣà tí wọ́n kọ ní Ilesha, kò yẹ kí a fi ohun tí a kò fẹ́ kàn wá kan ẹlòmíràn.

Kí ni orúkọ tí àwọn onílé fún òkè tí ó wà nítòsí yín? Ẹ wádìí rẹ̀ wò. Ire o.