Ọkọ̀ Wo Ni Ìṣúra Wa?

Àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà a máa jiyàn: Ford Model T ti 1908 ni àbí Mustang ti 1964? Lójú tèmi, Model T ni baba. Òun ló sọ mẹ̀kúnnù di ọlọ́kọ̀. Mustang kò ju afẹ́ ọ̀dọ́ lọ.

Bí ìwúlò bá jẹ́ òṣùwọ̀n, ní Ìlàjẹ ńkọ́? Kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó dé, ọkọ̀ igi gbígbẹ́ ló ń gbé apẹja lọ sójú ibú, tó ń gbé aya rẹ̀ lọ sọ́jà. Òkun ń gbé ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947. Igi pẹ̀lú ń jẹrà. Ẹ̀yin olówó tí ń ṣàfẹ́rí Mustang, ẹ tọ́jú ọkọ̀ igi. Ohun tí a ní là á náání.