Ọwọ́ Wa Lè Ṣe Ilé Lọ́ṣọ̀ọ́

Àwọn kan máa ń sọ pé olówó nìkan ló lè ní ilé tó lẹ́wà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Ablogamé, nílùú Lomé, ọ̀pọ̀ ohun tí à ń dà nù lè ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ wo agolo tòmátì. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí àgbàlagbà bá yín lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ sí i, kí ẹ gbin òdòdó tàbí efinrin. Ẹ má gbàgbé ihò náà o! Inú omi tó bá dúró ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí.

Ẹ tọrọ ègé aṣọ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ aránṣọ. Bí ẹ bá rán an pọ̀, ó di aṣọ fèrèsé.

Ìdérí ìgò ńkọ́? El Anatsui, tí wọ́n bí ní Anyako ní Gánà lọ́dún 1944, fi wáyà bàbà so ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn pọ̀, wọ́n sì dà bí aṣọ ọba. Lọ́dún 2023, wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sí Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹnìkan lè ní, “Ìdọ̀tí lẹ kó wọlé yẹn.” Rárá o. Ohun tí a fọ̀, tí a sì tún ṣe, kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́. Agolo oògùn kòkòrò nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn.

Òdòdó ike ọjà, ilé gbogbo ló lè ní in. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, ilé yín nìkan ló ní in.