Oríyìn fún Ọmọ Tógò Tó Gbé Àárín Yìnyín

Ojú ayé ẹni ló yẹ kí wọ́n ti máa yin ẹni. Ìdí nìyí tí àwa ní Ìpọ̀nrí níhìn-ín, ní Súrùlérè, l'Ékòó, fi fẹ́ kí Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Tógò tí wọ́n bí ní 1941, kú iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ọ̀dọ́ ni nígbà tó gun igi àgbọn, tó bá erè pàdé lókè, tó sì já bọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyálórìṣà erè ní igbó Bè, ní Lomé. Ara ọmọ yá, àmọ́ ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kó wá di àwòrò òrìṣà náà. Kò tíì le tán nígbà tó rí ìwé Robert Gessain nípa Greenland ní ilé ìtàwé kan. Ilẹ̀ tí kò nígi, tí kò léjò! Ó sá kúrò nílé.

Kò lówó, kò lẹ́bí lójú ọ̀nà. Ó gba Àbíjàn, Akra àti Dákà. Ibi tó bá dé, á wá iṣẹ́ ṣe, á tọ́jú owó ọkọ̀, á tún ṣí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi rin ìrìn náà, títí ó fi gba Faransé, Jámánì àti Dẹ́ńmáàkì kọjá. Ọdún 1965 ni ọkọ̀ ojú omi gbé e gúnlẹ̀ sí Julianehåb ní gúúsù Greenland, ìlú tí wọ́n ń pè ní Qaqortoq lónìí. Bó ṣe yọ, tó ga fíofío, tó dúdú, gbogbo èrò etíkun dákẹ́ lójijì. Àwọn ọmọdé di aṣọ ìyá wọn mú.

Ibi tó ti wù wá jù nìyí: kò jókòó sí gúúsù tó rọrùn díẹ̀. Ó ń lọ sókè ṣáá, títí dé Upernavik, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní. Ọ̀dọ̀ Robert Mattaaq, bàbá àgbà kan, ló wọ̀ sí, nínú ilé tí wọ́n fi erùpẹ̀ oníkoríko mọ, tí ojú ìwé ìròyìn bo ògiri rẹ̀. Ó jẹ ohun tí wọ́n jẹ. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi ajá fa ọkọ̀ orí yìnyín. Ó rí ọtí àmujù, ó rí ebi, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ìwé náà, *L'Africain du Groenland*, jáde ní 1981. Ó di èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń wá kọ ìtàn wa. Ọmọ etíkun tiwa ló lọ kọ èyí nípa àwọn ẹlòmíràn, tó sì fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tútù jìnnà sí Ìpọ̀nrí. Òkùpòrókó tó le bí igi, tí àwọn ìyá ọjà ń fi ayùn gé kó tó wọ ọbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Lofoten wá, ní àríwá Nọ́wè. Láti oṣù kejì ni wọ́n ti ń fi ẹja náà kọ́ sórí igi níta, láìfiyọ̀ sí i, tí atẹ́gùn tútù á sì gbẹ ẹ́ títí di nǹkan bí oṣù karùn-ún. Ẹni tó fi ọwọ́ tó kú tìpìrì kọ́ ẹja yẹn, ẹni bíi tiwa ni. Ìwé Kpomassie ló jẹ́ ká mọ bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń gbàlejò.

A ń bẹ àwọn olùkọ́ Ìpọ̀nrí àti gbogbo Súrùlérè: ẹ wá ìwé náà sí yàrá ìkàwé yín, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ nílùú òtútù. Bàbá Kpomassie, ẹ ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ ẹ ń sọ pé Greenland lẹ fẹ́ padà lọ gbé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìforítì. Kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera tí ẹ ó fi dé ibẹ̀.