Ẹ yẹ wàrà wò kí ẹ tó fún màlúù lábẹ́rẹ́

Ta ni kì í jẹ wàgàṣì ní Ṣábẹ̀? Ọwọ́ àwọn ìyá Fúlàní la ti ń rà á. Ṣùgbọ́n bí ọmú màlúù bá wú, tó gbóná, tí wàrà rẹ̀ ń ṣe kókó tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀, ọjà ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ. Wọ́n á ra oògùn apakòkòrò, wọ́n á sì gún ẹran náà fúnra wọn, láìmọ irú kòkòrò tí wọ́n ń bá jà.

Ewu ńlá ni. Staphylococcus aureus wà lára àwọn kòkòrò tó sábà ń fa àrùn yìí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe èròjà tó ń ba pẹnisilíìnì jẹ́. Owó ṣòfò, ọmú lè gbẹ, kòkòrò tí oògùn kò ràn á sì máa pọ̀ sí i.

Àyẹ̀wò wà. Wọ́n á fún wàrà díẹ̀ sínú ìgò mímọ́, wọ́n á jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ hù ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n á wá fi bébà róbótó tó ní oríṣiríṣi oògùn lára lé e. Bébà tí kòkòrò kò bá lè hù yí ká, oògùn rẹ̀ ló ràn án. Ìjọba, ẹ mú àyẹ̀wò yìí sún mọ́ àwọn darandaran Ṣábẹ̀ àti Kétu.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ta wàrà ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn yóò fi pé. Iná ìdáná lè pa kòkòrò, kì í pa oògùn inú wàrà run tán.