Rédíétọ̀ Ńlá Kọ́ Ni Oògùn Ọkọ̀ Tó Ń Gbóná

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwa ọmọ Yorùbá òde òní ti sọ ọgbọ́n yìí nù tó, kí ó lọ jókòó ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì fún wákàtí kan péré. Bí wọ́n bá ti wọ́ Píjò 504 àtijọ́ kan dé, tí omi rẹ̀ ń hó yaya, wọn kì í yẹ ohunkóhun wò kí ìdájọ́ tó jáde. ‘Bàbá, rédíétọ̀ yìí ti kéré jù. Ẹ jẹ́ kí á bá yín wá èyí tí ó tóbi sí i.’ Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wẹ́dà ti dé.

Mo mọ ohun tí mo ń wí, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni wọ́n fi iná gé irin iwájú rẹ̀, tí wọ́n sì ki rédíétọ̀ ọkọ̀ akérò ńlá kan bọ ibẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì sanwó. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì pé tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú mi lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ti àtẹ̀yìnwá. Àgbà mẹkáníìkì kan ni ó wá fi yé mi pé fáànù kò yí rárá. Mágínẹ́ẹ̀tì ni ó ń mú fáànù 504 yí nígbà tí omi bá gbóná, òun náà ni ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí omi bá rọlẹ̀. Wáyà tí ó ń gbé iná fún mágínẹ́ẹ̀tì yìí ni ó já. Owó tí a fi tún un ṣe kò tó ìdámẹ́wàá owó rédíétọ̀. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n gé kò ṣe é dá padà mọ́. Ojú ọkọ̀ bàbá mi bàjẹ́ títí ayé, èmi fúnra mi ni mo sì sanwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Rédíétọ̀ kì í dá òtútù sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ooru tí omi gbé wá láti inú ẹ́ńjìnnì, kí ó sì fi lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Bí ìpẹtà bá dí ọ̀nà omi nínú ẹ́ńjìnnì, nítorí pé omi lásán ni a ń dà sí i láti ọdún dé ọdún, tàbí bí fáànù kò bá fẹ́, kí ni títóbi rédíétọ̀ yóò ṣe? Ọjà tí ọ̀nà rẹ̀ dí, bí a fẹ̀ ẹ́ dé ìlú kejì, èrò kò ní í rí i ná. Ìdérí rédíétọ̀ pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kí ó má baà tètè hó. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó, omi yóò hó ṣáájú àsìkò. Tẹmositáàtì ńkọ́, irin kékeré tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá móoru tó? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ti yọ ọ́ sọnù, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò móoru tó a máa mu epo púpọ̀, a sì máa tètè gbó. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Àwọn kan yóò ní oòrùn ilẹ̀ wa ni ó fà á, pé òtútù ni òyìnbó ní lọ́kàn nígbà tí ó ṣe ọkọ̀ náà. N kò ní í fi 504 tí ó gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní 1975 dá wọn lóhùn, nítorí pé ọkọ̀ eré ìje yàtọ̀. Àwọn ọkọ̀ akérò wa ni ẹlẹ́rìí mi. Láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò pọ̀ ní Kàdúná, 504 sì ń kó èrò láti Èkó dé Kánò nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí ènìyàn há gádígádí sínú rẹ̀, tí ẹrù sì ga lórí rẹ̀. Rédíétọ̀ tí ó bá a wá ni ó ń lò. Ṣé oòrùn ìgbà náà kò ta ni?

Mo gbà pé ẹni tí ó fi ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára jù sínú ọkọ̀ rẹ̀, tàbí tí ó fi ẹ̀rọ amúlétutù kún un, lè nílò rédíétọ̀ tí ó tóbi jù. Onítọ̀hún ti fi ẹrù kún ẹrù, ó yẹ kí ó fi agbára kún agbára. Ẹni tí kò fi ohunkóhun kún un ńkọ́?

Ohun tí ó ń dùn mí kọjá ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Títóbi ti di oògùn gbogbo àìsàn lọ́dọ̀ wa. Ilé ìwé tí kò ní olùkọ́ a mọ géètì ràgàjì. Ìjọba tí ogún kọmíṣọ́nnà kò bá ṣiṣẹ́ a yan ọgbọ̀n. A kò bi ara wa léèrè ibi tí wáyà ti já. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ni ó sọ pé bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jogún ọkọ̀ àtijọ́, kí wẹ́dà tó tan iná, ẹ bèèrè: ǹjẹ́ fáànù ń yí? Ǹjẹ́ ọ̀nà omi là? Ǹjẹ́ ìdérí le dáadáa? Bí ẹni tí ẹ bi kò bá lè fèsì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.