Nígbà Tí Ohùn Kilarinẹ́ẹ̀tì Bá Há

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan àwọn afọnfèrè inú ẹgbẹ́ akọrin wa, ó sì kan òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ kilarinẹ́ẹ̀tì nílé.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ tí mo ń darí nígbà kan. Bó bá ti kan A àti B-flat tó wà láàárín fèrè, ohùn á há bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Mo bá a wí lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé ọ̀lẹ ni. Kò wá sí ìdánrawò tó tẹ̀lé e. Ìgbà tí mo gbé fèrè náà sẹ́nu fúnra mi ni mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń há fún èmi náà.

Bàbá kan tó ti fọn fèrè nínú bándì ọlọ́pàá rí ló là mí lójú. Tí a bá ń fọn nóòtì wọ̀nyẹn, ihò tó pọ̀ jù ló ṣí sílẹ̀. Ti B-flat tún le jù, nítorí kíì kékeré tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ láti gbé ohùn lọ sókè náà la fi ń fọn ọ́n. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé lé ihò tín-ín-rín kan lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe fèrè nìyẹn. Ọmọ kò jẹ̀bi.

Ẹ fi ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún bo ihò ìsàlẹ̀ bí ẹ bá ń fọn A tàbí B-flat, ohùn á kún. Lórí fèrè mìíràn, ìka méjì ló dáa jù. Ẹ dán an wò, kí etí yín ṣe onídàájọ́. Ó tún wúlò bí ẹ bá fẹ́ bọ́ sórí B tó tẹ̀lé e, èyí tó ń fẹ́ kí gbogbo ihò dí pa: ọwọ́ ọ̀tún ti wà nílẹ̀ ná. Bí ìka kan bá yẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, fèrè á han gooro. Ẹ má tìtorí ìyẹn deyín mọ́ ọn o! Èémí láti inú ikùn ló ń gbé e.

Kí ẹ tó bá ọmọ wí, ẹ yọ apá òkè fèrè, ẹ fi ìka dí gbogbo ihò rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìdí rẹ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bó bá ń jáde, páàdì kan ti ń jò, alátùn-únṣe ló kàn.

Mo lọ bá ọmọ náà nílé, mo tọrọ àforíjì lójú ìyá rẹ̀, mo sì fi ìka mẹ́ta náà hàn án. Ó fọn B-flat lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wò mí.

“Pásítọ̀, ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?”

Mo ní n kò mọ̀.