Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni mo bá wá, òṣùwọ̀n kò sì ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa tó ń ka owó ẹyọ mọ̀ pé 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò wá àpò mìíràn.

Nọ́ńbà odidi inú èdè C náà ní àpò tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ bíìtì 32, tí kì í gba iye òdì, kò lè gbà ju 4,294,967,295 lọ. Bí ó bá kún, kò ní pariwo. Yóò padà sí òdo, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Àkúnwọ́sílẹ̀ ni mo pe èyí.

Ẹ jẹ́ ká mú fáìlì àwòrán kan. Fáìlì náà sọ pé ìbú òun jẹ́ 65,536, òòró òun náà sì jẹ́ 65,536. Ètò kọ̀ǹpútà sọ méjèèjì di púpọ̀ láti mọ àyè tí yóò tọrọ lọ́wọ́ malloc. Èsì tòótọ́ ni 4,294,967,296, ṣùgbọ́n òdo ni àpò yóò fi hàn. Ni ètò bá ń da àwòrán ńlá síbi tí kò sí àyè, tó ń tẹ ohun mìíràn mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni olè ń gbà wọlé, nítorí kò sẹ́ni tí kò lè kọ irọ́ sínú fáìlì.

Àwọn kan ní kí a ṣáà lo bíìtì 64. Ó dára, ṣùgbọ́n òpùrọ́ lè pa irọ́ tó ju àpò ńlá náà lọ.

Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó ṣe ìṣirò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà tó ń gba iye òdì tilẹ̀ burú jù: òfin C kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá kún, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀yìn lè di asán. Pínpín ni kí a fi dán ìsọdipúpọ̀ wò:

if (ooro != 0 && ibu > UINT32_MAX / ooro) return -1;

Ìlà kan péré ni. Irú ètò báyìí ló ń ṣí àwòrán tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa lójoojúmọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ jẹ́ ká mọ ìwọ̀n eku kí a tó gbẹ́ ìtẹ́.